Ẹrù Lẹ́yìn, Ẹ̀rù Níwájú

Ọmọ mọ́tò ló máa ń kọ́kọ́ jí. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ní Ògèrè, kí àwọn ìyá onírẹsì tó kó igi síná, ó ti yí kúrò lórí páálí tó tẹ́ sábẹ́ tírélà, ó ti fa irin kan yọ, ó ń yí ọkọ̀ po, ó ń lu táyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ pé á dún gbáń, irin á sì ta padà sí i lọ́wọ́. Èyí tó ti ń jò á dún bùù, bí ìgbà tí èèyàn bá gbá ìrọ̀rí. Táyà 22 ló wà lábẹ́ tírélà yẹn, 10 lábẹ́ orí rẹ̀, 12 lábẹ́ ẹ̀yìn. Nígbà tó dé ìdí èyí tó ṣìkejìdínlógún, ó lù ú, ó dúró, ó tún un lù, ó wá bẹ̀rẹ̀, ó dẹ etí sí i.

"Ṣé ó ti lọ?" Láti inú orí ọkọ̀ ni ohùn náà ti wá.

"Ó kù díẹ̀, ọ̀gá. Ó ṣì máa gbé wa dé Èkó."

"Èkó tí wọn ò tíì pè wá sí."

Ọjọ́ kẹta wọn ní Ògèrè nìyẹn. Yànmọ̀tí ni wọ́n kó wá láti Òkè Ọya, èbúté Àpápá ni wọ́n ń gbé e lọ, kí ọkọ̀ ojú omi lè gbà á lọ sókè òkun. Ẹ́ńjìn ò ṣe nǹkan kan. Dísù wà nínú táǹkì. Bí ọ̀nà bá já geere, Èkó ò ní gbà wọ́n ju wákàtí méjì lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọkọ̀ wọn kò tíì jáde lára àwọn tí wọ́n fẹ́ jẹ́ kó wọ Àpápá, nítorí náà wọ́n jókòó. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ yìí, fi orógbó ránṣẹ́ sẹ́nu, ó ní: "Àbúrò, ìrìn kì í pa dẹ́rẹ́bà. Ìdúró ló ń pa á."

Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni. Àwa tí à ń wọ mọ́tò kékeré, tírélà tó ń sáré ló ń já wa láyà. Èyí tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, a kàn ń ṣépè fún un pé ó dí wa lọ́nà ni, a ó sì kọjá. Ó di ìgbà tí bàbá náà ṣírò owó fún mi kí n tó mọ ohun tó ń sọ.

Lọ́pọ̀ ibi, owó oṣù dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ẹrù kì í tó nǹkan. Owó ìrìn ló ń bọ́ ọ. Bó bá fẹ́ gbéra, ọlọ́kọ̀ á ka owó ọ̀nà lé e lọ́wọ́; èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn dísù, lẹ́yìn fọkanáísà, lẹ́yìn gbogbo àwọn tó nawọ́ sí i lójú ọ̀nà, tirẹ̀ ni, wọ́n á sì tún fún un ní iye kan tó bá já ẹrù tó sì dé láyọ̀. Iye ìgbà tó bá lọ tó bọ̀ nínú oṣù ni ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ṣe máa dùn tó. Ẹni tó lọ tó bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin máa rí owó ilé-ìwé san. Ẹni tó lọ ní ẹ̀ẹ̀kan ti fi owó ọ̀nà jẹun níbi tó dúró sí, ó ti yá owó lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀, gbèsè ló sì máa gbé wọlé fún ìyàwó. Kò sẹ́ni tó ń san owó ìdúró fún dẹ́rẹ́bà.

Ìdúró Àpápá ti pẹ́, orí omi ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1975, nígbà tí owó epo ń ya wọlé, ìjọba ológun ra sìmẹ́ǹtì ní àràpajúdé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi ló wá tò sójú òkun Èkó tí wọn ò ríbi já ẹrù. Àwọn mìíràn dúró títí sìmẹ́ǹtì fi dì mọ́ wọn nínú. Wàhálà yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n tètè kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977. Omi rí ìsinmi díẹ̀. Àmọ́ ẹrù tó bá kúrò lórí omi, orí ilẹ̀ náà ló máa gbà délé, ọ̀nà tó sì jáde láti èbúté méjèèjì kò ju ohun tí èèyàn lè fi ìka ọwọ́ kan kà. Ìdúró kàn gun òkè wá ni.

Kì bá má burú tó bẹ́ẹ̀ ká ní reluwé ṣì wà bó ṣe wà. Reluwé tó dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì dé Kánò kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ́ sílẹ̀, òun ló ń ru kòkó àti ẹ̀pà lọ sétí òkun láyé ìgbà kan. Nígbà tí irin rẹ̀ dípẹtà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́, gbogbo ẹrù yẹn, àti ìlọ́po rẹ̀ tí iye èèyàn tó ń pọ̀ sí i mú wá, bọ́ sórí táyà. Reluwé tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021, èrò ló ń gbé jù.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a dé àwọn ọdún tí ẹnikẹ́ni tó gbé Èkó nígbà náà kò ní gbàgbé, láàárín 2017 sí 2020, tí tírélà tò láti ẹnu èbúté títí kan Ìjọrà, tí wọ́n gun Afárá Èkó, tí ìrù wọn ń wọ́ lọ sí Ojúẹlẹ́gba àti ọ̀nà Ìkòròdú. Ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni dẹ́rẹ́bà ń lò nínú ìlà. Wọ́n ń dáná lórí afárá. Wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń sá a sára dígí ọkọ̀. Àwọn obìnrin kan rí iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń gbé omi ìwẹ̀ kiri nínú kẹ́ẹ̀gì bí ẹni ń ta omi tútù. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ yìí sọ fún mi pé orí afárá lòun wà tí wọ́n fi sọ ọmọ-ọmọ òun lórúkọ. Orí fóònù ló ti ṣàdúrà fún ọmọ. Àwọn dẹ́rẹ́bà tó wà nítòsí bá a ṣe àmín, ọmọ mọ́tò sì lọ ra mínírà fún wọn.

Ohun tó tún wá ṣeni ní kàyéfì ni pé ọ̀pọ̀ nínú tírélà tó wà nínú ìlà yẹn kò gbé nǹkan kan. Kọ̀ntéénà òfìfo ni wọ́n ń dá padà. Ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ojú omi ló ni kọ̀ntéénà. Ẹni tó fi kó ọjà wọlé ti fi owó dúró fún un, ó sì ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi dá a padà, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn á bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn lórí. Ibi tí wọ́n ti ń gba òfìfo sì ti kún. Nítorí náà páànù òfìfo dí ọ̀nà mọ́ ẹrù, ẹrù náà dí ọ̀nà mọ́ páànù òfìfo, owó ìtanràn ń bí, oníṣòwò sì ń fi gbogbo rẹ̀ kún owó ọjà. Ẹni tó ra àpò ìrẹsì kan ní Agége láwọn ọdún náà ra díẹ̀ lára ìdúró yẹn mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2021, àjọ tó ń rí sí èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà pípe ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò ni wọ́n sọ ọ́, Yorùbá pọ́ńbélé. Bí orúkọ bá ń ro ọmọ lóòótọ́, ó yẹ kí èyí ro tirẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le: ọlọ́kọ̀ á forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, á sanwó, ọkọ̀ á lọ jókòó sí pákì, bó bá kàn án, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé, á wá gbéra. Mi ò ní purọ́, ó mú ìyàtọ̀ wá. Afárá Èkó fúyẹ́. Ẹni tó bá ń ti Súrùlérè lọ sí Erékùṣù kò tún ní láti máa gba àárín tírélà kọjá bí ẹni ń gba inú igbó. Àmọ́ ìdúró ò kú. Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí afárá ni, ó lọ gba yàrá sí pákì, ó gba òmíràn sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀, ó sì ní àwọn tó ń jẹun nídìí rẹ̀.

Ìdúró ti di ọjà, ó sì jọ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹrù wà, mi ò rí ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹ wo ọkọ̀ tòmátì tó ń bọ̀ ní ọjà Mile 12 láti ilẹ̀ Hausa. Apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, oòrùn lórí, ooru lábẹ́, omi tòmátì ti ń kán sójú ọ̀dà. Gbogbo wákàtí tí ọkọ̀ yẹn bá fi dúró, owó ń jẹrà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá gbé igi dí i lọ́nà kò ní láti halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà ní kí wọ́n mú ìwé ọkọ̀ wá, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó yí i síwá, kó yí i sẹ́yìn, kó bèèrè ìwé tí wọn ò bèèrè níbi tó kọjá, kó lọ tọ̀, kó padà. Dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀ ló máa pe iye tó fẹ́ san. Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ò ní san tó ìyẹn, torí sìmẹ́ǹtì lè sùn síbẹ̀ di ọ̀la. Àwọn dẹ́rẹ́bà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ẹja dídì, tòmátì, tàbí màlúù, kí ó tó kúrò nílé ló ti ya owó ìdúró sọ́tọ̀ láàárín owó ọ̀nà, ní owó kékeré kékeré tí wọ́n ká mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, kí ó má bàa di pé wọ́n ń wá ṣéńjì lójú ọ̀nà.

Mo bẹ bàbá kí ó fi àwọn rìsíìtì rẹ̀ hàn mí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn àga, ó fa àpò ọ̀rá kan jáde. Pupa, àwọ̀ ewé, ìyeyè, funfun tó ti di pupa rúsúrúsú. Ti ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀ wà, òmíràn wà tí mo kà títí tí mi ò mọ ẹni tó ni ín, torí àmì kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ sí i, àti iye owó. "Bí mo bá sọ ọ̀kan nù nínú wọn," ó ní, "màá tún un san." Ó kó wọn padà létòlétò. Bí ìyàwó ilé ṣe ń ká aṣọ tó fọ̀ ló ṣe ń ká wọn.

Ìdúró tó jẹ́ ti ọ̀nà fúnra rẹ̀, ìyẹn ò ṣe é kà tán. Láti Mọ́kwá sí Jẹ́bà, ìgbà kan wà tí ọkọ̀ ẹrù fi ọjọ́ rìn níbi tó yẹ kó fi wákàtí rìn. Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ojú ọ̀nà àtijọ́ tó há gádígádí, tí tírélà méjì bá pàdé níbẹ̀, àdúrà ni. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021 ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya ní ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ wá síhà ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ tó ti rù kún tò sápá Jẹ́bà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àlùbọ́sà dohun tí wọ́n ń kà ní ẹyọ ẹyọ l'Ékòó. Àwọn tó dúró sí Jẹ́bà yẹn kò bá ẹnikẹ́ni jà ní Ṣáṣá o. Ọkọ̀ ni wọ́n ń wa.

Ọlọ́kọ̀ ńkọ́? Ojú olówó la fi ń wò ó. Ẹni tó ní tírélà mẹ́ta, ojoojúmọ́ la ń bá a ka mílíọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Èkó sí Kánò tó nǹkan bí kìlómítà 1,000. Tírélà tó rù kún á mu bí lítà 40 sí 50 nínú kìlómítà 100, nítorí náà àlọ nìkan máa jẹ lítà 400 sí 500. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, lítà dísù kan kò tó ₦300. Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ́ sílẹ̀, nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, ó ti kọjá ₦800. Ní 2024 ó ti fi ₦1,000 sílẹ̀ lẹ́yìn. Àlọ tí ₦150,000 ń gbé lọ́jọ́ kìíní yẹn ti ń gba ìdajì mílíọ̀nù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká má tíì ra táyà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, gbogbo ìlú ké. Dísù ti kúrò lábẹ́ ìrànwọ́ tipẹ́tipẹ́, n kò rántí ẹni tó bá ọlọ́kọ̀ ẹrù sunkún.

Àlọ nìyẹn. Bí kò bá rí ẹrù àbọ̀, iṣu tàbí ẹ̀wà tó máa já sí Bódìjà, tàbí àlùbọ́sà, òfo ló máa fi dísù wá ilé. Òun náà á wá dúró sí Kánò, ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, kó rí ẹni tó máa háyà ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ tó wà l'Ékòó á máa pè: "Ṣé o ti rí ẹrù?" Dẹ́rẹ́bà á ní kò tíì sí. Ọlọ́kọ̀ ò ní gbà á gbọ́, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i rí pé dẹ́rẹ́bà gbé ẹrù ẹlẹ́rù láìsọ fún un, tàbí kó fa dísù tà nínú igbó. Ló bá so ẹ̀rọ amọ̀nà mọ́ ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà náà mọ ibi tí wọ́n fi í sí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kan náà ló ń bọ́ ilé méjèèjì, wọn ò sì fọkàn tán ara wọn.

Àwọn tó rò pé olówó kì í ṣubú nínú iṣẹ́ yìí, kí wọ́n rántí Awólọ́wọ̀. Kó tó di agbẹjọ́rò, kó tó di Olórí, ó ti ṣe ọlọ́kọ̀ ẹrù, ó ti ra kòkó tà, ó sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ láàárín àwọn ọdún 1930. Ní 1937, ó wà lára àwọn tó ṣètò ìyanṣẹ́lódì àwọn ọlọ́kọ̀ lórí owó tí ìjọba òyìnbó ń gbà lórí lọ́rì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òwò dojú dé fún un, tó jẹ gbèsè. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀gá ọlọ́kọ̀ kan ní Ìbàdàn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ríbi sá sí. Ìwé ló sá sí. Èmi, ibo ni màá sá sí?"

Ẹ̀rù tó wá ń ba àwọn ọlọ́kọ̀ báyìí tún yàtọ̀. Ní 2025, ilé ìfọpo Dangote kéde pé òun ń kó ọkọ̀ tuntun 4,000 tó ń lo gáàsì wọlé, òun yóò sì máa fi gbé epo dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà òun láìgba owó ọkọ̀. Ó dùn ún gbọ́ létí ẹni tó ń ra epo. Ọlọ́kọ̀ tó ní tánkà méjì, tó yá owó ra ọ̀kan nínú wọn, kò dùn ún gbọ́ létí tirẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo NUPENG yanṣẹ́ lódì torí ọ̀rọ̀ bóyá àwọn dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ wọ̀nyí lè wọ ẹgbẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ ọ́, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké ò sí nídìí tábìlì yẹn.

Àmì ohùn lásán ló wà láàárín ẹrù àti ẹ̀rù. Iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n. Tí kọ̀ntéénà bá gun ẹ̀yìn tírélà, irin kan wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n máa yí kó lè gbá a mú. Yíyí i ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2015, kọ̀ntéénà jábọ́ látorí afárá Ojúẹlẹ́gba sórí mọ́tò, ó pa èèyàn mẹ́ta. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2023, níbẹ̀ náà, òmíràn tún wó lu bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. Mo bi bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè ìdí tí àwọn kan kì í fi í yí irin wọ̀nyẹn. Kò fẹ́ dáhùn. Nígbà tó yá ó ní àwọn kan gbà pé bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣubú, ó sàn kí kọ̀ntéénà dá ṣubú, kí orí ọkọ̀ àti ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè yè. Ó wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Mo ní bàbá, ìyẹn ni pé ẹ ti gbé ikú yín lé ẹni tó ń kọjá lọ lábẹ́ afárá lórí. Ó ní, "Mò ń yí tèmi." Mo lọ wò ó lẹ́yìn náà. Ẹ̀yìn gbọọrọ tí wọ́n fi àpò yànmọ̀tí kún ni ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò gbé kọ̀ntéénà, nítorí náà mi ò lè jẹ́rìí sí i.

Ṣùgbọ́n mo rí bí ìdúró ṣe ń bí eré àsápajúdé. Ọkọ̀ tó fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó nínú oòrùn, bíréèkì rẹ̀ ò rí mẹkáníìkì, rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ. Ọjọ́ tó bá rí ẹrù, dẹ́rẹ́bà ti pàdánù ìrìn méjì, oṣù ti ń parí, owó ilé-ìwé ti tó san. Kí ni yóò ṣe? Òru ni yóò fi rìn. Òun àti oorun ni wọ́n á jọ wa ọkọ̀ náà. Táyà tòkunbọ̀ tó yẹ kó pààrọ̀ ní Ògèrè, yóò ní ó máa gbé òun dé Èkó. Nígbà tí tánkà epo kan gbiná nítòsí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2018, tó jó mọ́tò tó lé ní àádọ́ta tó sì pa èèyàn, bíréèkì ni wọ́n dárúkọ. Ó lè jẹ́ bíréèkì. Bíréèkì kì í ṣàdédé já, ó ní ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti tún un ṣe, níbo ni dẹ́rẹ́bà wà lọ́jọ́ náà?

Ìjọba ti gbé àwọn ìgbésẹ̀ kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta 2025, wọ́n ní tánkà tó bá gba lítà 60,000 kò gbọdọ̀ rù mọ́; wọ́n ní kó máa wálẹ̀ dé 45,000. Ó bọ́gbọ́n mu. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà wa ò ṣe é gbà pẹ̀lú ẹrù tó tó bẹ́ẹ̀, epo inú tánkà sì ń mì, ó ń fa ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Àmọ́ ọlọ́kọ̀ tó ra 60,000 kí òfin yìí tó dé á bi yín pé ta ló máa bá òun gé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ara, torí àwọn dẹ́rẹ́bà kì í sọ ọ́ fún dókítà, ìyá alágbo ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ní Ògèrè, ìyá kan wà tó máa ń gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ìgò lóríṣiríṣi, dúdú, pupa, olómi ẹ̀rọ̀. Dẹ́rẹ́bà ò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á fi ọwọ́ ti ìbàdí, ìyá á bu ọ̀pá ẹ̀yìn. Á jókòó bí ẹni tí ìjókòó ń ta, ìyá á bu agbo jẹ̀dí. Ẹni tó bá wá tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, tó ní kó bu èyí tó le fún òun, ìyá á bi í: "Ṣé ò ń lọ ni, àbí o ti dé?" Bó bá ní òun ń lọ, kì í bu paraga fún un. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló wà nínú bọ́ọ̀sì kan tí tírélà tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn wà lọ́wọ́ iwájú tí kì í béèrè.

Láyé àtijọ́, tí ó bá di ọdún Ògún, pákì á pa ajá, wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ sára táyà, wọ́n á jẹun, wọ́n á mu. Àwọn kan ṣì ń ṣe é. Púpọ̀ ti ń pe àlùfáà mọ́ ọn, òmíràn á pe pásítọ̀, tẹ̀sùbáà á wà lára dígí, àgbélébùú á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ti rí ibi tí màrìwò ti wà pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tó ń bá ikú pàdé lójoojúmọ́ kì í kó gbogbo ẹyin rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Ṣóyínká kọ eré ìtàgé The Road ní 1965 nípa irú àwọn èèyàn yìí. Nígbà tí ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ nípa ọ̀nà, wọ́n ní kó wá máa ṣọ́ ọ.

Ọmọ mọ́tò tó ń lu táyà yìí ti sìn fún ọdún mẹ́rin. Kò tíì wa ọkọ̀ lójú títì rí. Inú pákì ló ti ń kọ́ ọ, lóru, tí wọ́n bá ní kó fà á sẹ́yìn. Àwọn àgbà ń ráhùn pé àwọn ọmọ kì í fẹ́ sìn mọ́, wọ́n á lọ gun ọ̀kadà, wọ́n á lọ wa márúwá, kí wọ́n lè rí owó lọ́jọ́ náà. Èyí ní tòun, òun fẹ́ràn ọkọ̀ ńlá. Ó ní tí òun bá jókòó sókè yẹn, gbogbo ayé kéré. Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ wọn, torí ẹrẹ̀ ti bò ó. Ó fi apá aṣọ nù ún: SÙÚRÙ LÉRÈ. Ó ní kì í ṣe àwọn ló kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni fóònù bàbá dún. Ó wò ó, ó tún un wò, ó na fóònù náà sí mi kí n bá a kà á, torí dígí ojú rẹ̀ wà nínú àpò. Nọ́ńbà ọkọ̀ wọn ni lóòótọ́. Bàbá ò pariwo. Ó fi ẹsẹ̀ kan gun orí ọkọ̀, ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó yí kọ́kọ́rọ́, èéfín dúdú bò wá, ìyá alágbo fi ìborùn bo ìgò rẹ̀. Ọmọ mọ́tò ti sáré lọ sábẹ́, ó yọ ìtì igi tí wọ́n fi há táyà láti ọjọ́ mẹ́ta, ó jù ú sórí ọkọ̀, ó fò mọ́ ẹnu ọ̀nà. Tírélà mí kanlẹ̀, ó gbéra, ó rìn bí ìwọ̀n ilé méjì. Ó tún dúró.

Tírélà mìíràn ló wà níwájú, ó fi ìbú dí ẹnu pákì. Kò sẹ́nikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹni kan ní dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ jẹun ni, ẹlòmíràn ní ó lọ wá mẹkáníìkì lọ sí Ìpẹru. Bàbá fẹ fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó yá ó pa ẹ́ńjìn, kí dísù má bàa lọ lásán. Ọmọ mọ́tò bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó gbé ìtì igi náà, ó sì tún lọ fi í há táyà.